Kí ẹ tó ra ilẹ̀ etí adágún n'Íbàdàn: òfin omi, òfin iná, àti bí ẹ ṣe máa wọn ilẹ̀ náà

Inú oṣù kìíní ni ilẹ̀ etí omi máa ń wu èèyàn jù. Omi ti fà sẹ́yìn, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ilẹ̀, ẹ̀jẹ́ǹtì á sì nawọ́ sí adágún lọ́hùn-ún pé ẹ̀yìnkùlé yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ dúró lé lọ́jọ́ náà, omi lè gbà á padà nínú oṣù kẹjọ. Koríko tó gbẹ lórí rẹ̀ náà sì ni iná máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ilé nígbà ọyẹ́. Òfin àyíká ń bá ewu àkọ́kọ́ wí, òfin iná ń bá èkejì wí, ohun kan náà ló sì ń gbani lọ́wọ́ méjèèjì: ààyè tó pọ̀ tó láàárín ilé àti omi. Ẹ wọn ààyè yẹn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó jẹ́

Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní ọdún 1942, omi mímu ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Aṣéjìre lórí odò Ọ̀ṣun bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ sé odò, kì í gba ibi tí omi máa dé nìkan. Ó máa ń gba ilẹ̀ tó yí i ká pẹ̀lú, kí ìdọ̀tí má baà ṣàn wọnú omi. Ní Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n gbin igi sí lára irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ṣe igbó ọba. Ìdílé tó ń tà á fún yín lè má purọ́ rárá: ilẹ̀ baba ńlá wọn ni lóòótọ́, àmọ́ ìjọba ti gbà á kí wọ́n tó bí àwọn tó ń tà á. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ kò ra nǹkan kan.

Ti Aṣéjìre tún ní ẹ̀ka mìíràn, nítorí pé ààlà Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wà nítòsí ibẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, nítorí náà ìwé ilẹ̀ tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé orúkọ Ọ̀yọ́ sórí ilẹ̀ tó ti bọ́ sí Ọ̀ṣun. Ìgbà tí ẹ bá mọ ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà báyìí ni ẹ máa tó mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni ẹ máa lọ ṣe àyẹ̀wò tàbí Òṣogbo.

Odò Ògùnpa, Ògbèrè, Kúdẹtì àti Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ní ewu tiwọn: wọ́n máa ń kún lójijì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa gbé ilé àti èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo mú kí ọ̀pọ̀ odò ìlú kún àkúnya, afárá Apẹ̀tẹ̀ sì bá a lọ. Ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì bọ́ sí, ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Ilé tó wà nísàlẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé, bíi àwọn tó wà lápá Odò-Ọ̀nà, ní láti ro òjò tó rọ̀ lé e lórí, kó sì tún ro omi tó bá tú wá láti òkè.

Àkùrọ̀ ló tan àwọn olùrà jẹ jù. Ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí pé omi kì í jìnnà sí òkè ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á da ilẹ̀ pupa lé e, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó di pulọ́ọ̀tì. Ẹ wo ohun tó ń hù ní àyíká: bí ẹ bá rí igi ògùrọ̀, eèsún tó ga tó sì nípọn, tàbí ojú oró nínú kòtò tó wà nítòsí, àbàtà ni ẹ wà, ohun yòówù kí wọ́n dà lé e.

Ẹ gbé sọ́fè lọ fún àyẹ̀wò

Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ ṣe, èyí tó ṣe é kà, kì í ṣe fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ lórí WhatsApp. Ohun tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ ni nọ́ńbà plánì, orúkọ àti òǹtẹ̀ awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, nọ́ńbà bíkìn (òpó kékeré tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀) tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun náà wà lórí àwòrán ayé. Ẹ wá gba awọnlẹ̀ tiyín, ẹni tí kò bá ẹni tó ń tà ṣiṣẹ́. Kó lọ sórí ilẹ̀, kó wá bíkìn rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì tún ka ibi tí wọ́n wà. Bíkìn tó ti sún mọ́ omi ju bó ṣe wà lórí ìwé lọ kì í ṣe ohun àjèjì.

Àṣìṣe kan wà tó ń ná àwọn èèyàn lówó púpọ̀ létí omi. Ẹni tó ń rà á á ka nọ́ńbà orí sọ́fè, á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, á sì gbà pé ibi tí fóònù fi hàn ni ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ sọ́fè wa ni wọ́n fi ìwọ̀n Minna ṣe, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, fóònù sì ń lo WGS84, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ti GPS. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ yí ọ̀kan padà sí èkejì, ibi tí ẹ máa rí lè fi nǹkan bíi mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀ kúrò ní ojú ibi tó wà gan-an. Láàárín ìlú, títì mìíràn ni ó máa gbé yín lọ. Létí adágún, ó lè gbé ilẹ̀ tó wà nínú omi sórí òkè fún yín. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni kó yí i padà. Íbàdàn wà ní sóònù 31 nínú UTM, ètò tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń pín ayé sí sóònù, kí èyí tó bá kọ sínú ìwé rẹ̀ bá a mu.

Lẹ́yìn náà, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkiteríàtì, Agodi, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwòrán àgbà ti ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún un kó tó lọ: bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba gbà fún ìsédò tàbí fún ohunkóhun, bóyá ó bọ́ sínú igbó ọba, bóyá ẹ̀dà sọ́fè yẹn wà lọ́wọ́ wọn ní ọ́fíìsì. Kí èsì wá ní kíkọ. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa" kì í ṣe èsì.

Bí a ṣe ń wọn ààyè láàárín ilé àti omi

Iye mítà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ètò ìlú tó ń fọwọ́ sí plánì ilé, ó sì yàtọ̀ láti orí odò kékeré sí odò ńlá sí adágún ìsédò. Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹ̀jẹ́ǹtì, ẹ má sì gbà á lẹ́nu aládùúgbò tó ti kọ́lé tirẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so ẹ̀dà sọ́fè mọ́ ọn, kí wọ́n fi èsì dá yín lóhùn lórí ilẹ̀ yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ adágún omi mímu ni, ẹ kọ irú rẹ̀ sí iléeṣẹ́ omi ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ló mọ ibi tí ilẹ̀ tiwọn parí sí.

Bí nọ́ńbà yẹn bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ni ọ̀rọ̀ kù sí. Kì í ṣe ibi tí omi wà lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Ibi gíga jù lọ tí omi máa ń dé nígbà òjò ni. Ẹ wá àmì rẹ̀: ìlà ẹrẹ̀ lára igi àti òpó iná, nylon àti èèpo igi tó há sórí ẹ̀ka tàbí sára wáyà ọgbà, ibi tí gbòǹgbò igi ti hàn síta nítorí pé omi ti kó iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apẹja àti àgbẹ̀ tó wà nítòsí, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin àti wọn nìkan ni, kí ẹni tó ń tà má dúró tì yín. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀.

Láti ibi èèkàn yẹn, ẹ fa téèpù mítà 50 lọ tààrà sí ibi tí ògiri ilé máa dé. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé etí omi kì í tọ́, èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa lò. Ilẹ̀ etí adágún máa ń dagẹ̀rẹ̀. Bí téèpù bá sùn sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mítà 30 tó kà kò ju bíi mítà 28 lọ lórí àwòrán, bí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà bá tó dígírì 20. Ohun tí àwọn awọnlẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á di téèpù mú gbọọrọ ní ìbú, mítà 5 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi okùn tó ní ìwúwo nídìí mú ojú ibi tó bọ́ sí nílẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú.

Ẹ wá ṣírò ohun tó ṣẹ́kù. Pulọ́ọ̀tì kan n'Íbàdàn sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn bíi mítà 15 sí 30. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí omi, tí lẹ́tà sì ní kí ẹ fi mítà 15 sílẹ̀ lẹ́yìn, 6 níwájú, 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lóòró, 30 yọ 15 yọ 6, ó ku 9. Níbùú, 15 yọ 6, ó ku 9. Ilé mítà 9 sí 9 ni gbogbo ohun tí owó yẹn rà. Bí lẹ́tà bá ní mítà 30, kò sí ilé rárá lórí pulọ́ọ̀tì kan, àfi kí ẹ ra méjì tó tẹ̀lé ara wọn láti etí omi lọ sókè. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé iye owó pulọ́ọ̀tì kọ́ lẹ máa fi wé iye owó pulọ́ọ̀tì. Iye tí ìwọ̀n mítà kan tó ṣe é kọ́lé sí ń gbà lẹ máa fi wéra, nígbà náà ilẹ̀ etí omi tó jọ pé ó pọ́ọ́kú á fi bó ṣe wọ́n tó hàn.

Ẹni tó bá kọ́lé sínú ààyè yẹn kò ní ẹ̀tọ́ tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Òfin ètò ìlú fún ìjọba lágbára láti dá iṣẹ́ dúró àti láti wó ilé tí kò gba àṣẹ. Lẹ́yìn omíyalé ọdún 2011, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ọ̀pọ̀ ilé tó wà lójú omi n'Íbàdàn, wọ́n sì wó nínú wọn.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀

Ẹ lọ nínú oṣù kẹsàn-án, tàbí lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Kí òṣìṣẹ́ fi dígà àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò mítà kan sí mítà kan àbọ̀ níbi tí ilé máa wà, àti òmíràn níbi tí sọ́kàwéè máa wà. Ẹ bò ó, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ti sun sínú rẹ̀, ẹ wọn bó ṣe jìn sí òkè ilẹ̀ tó. Ẹ wo ògiri ihò náà pẹ̀lú. Ilẹ̀ pupa lókè, lẹ́yìn náà bíríkì fífọ́ àti nylon, lẹ́yìn náà amọ̀ aláwọ̀ eérú tó ní àbàwọ́n bí ìpẹtà: àkùrọ̀ tí wọ́n dí ni. Ìpìlẹ̀ tó bá dúró lé irú ìdípọ̀ yẹn á máa rì díẹ̀díẹ̀, kì í sì í rì dọ́gba, ibẹ̀ ni ògiri ti ń sán láti igun fèrèsé.

Sọ́kàwéè ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò títí ilé á fi parí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè omi abẹ́ ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fa omi mu nígbà òjò, ilé ìgbẹ́ á sì máa padà sókè. Mítà 30 ni a sábà máa ń fi sáàárín rẹ̀ àti kànga. Lórí pulọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ti gba gbogbo òòró ilẹ̀ náà tán, kànga aládùúgbò sì tún wà níbẹ̀. Bó bá ṣe Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣéjìre ni, ohun tó bá jò láti ibẹ̀, inú omi tí àwọn ará Ìbàdàn ń mu ló ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti sún mọ́ òkè, tánkì tí kò ní ojú ihò kankan nísàlẹ̀, tí ọkọ̀ á máa wá fà, ni ohun tó tọ́, kí ẹ sì ti ka owó rẹ̀ mọ́ owó ilé.

Òfin ìjọba àpapọ̀

Òfin ọdún 2007 ló dá NESREA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú kí àwọn èèyàn pa òfin àyíká mọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlànà ọdún 2009 tó ń dáàbò bo àbàtà, bèbè odò àti etí adágún ti jáde. Dídí àbàtà, gígé igi bèbè, fífa iyanrìn létí omi, gbogbo rẹ̀ ni ìlànà yẹn ń ṣọ́, ilẹ̀ tiyín ì báà jẹ́. Bó bá jẹ́ inú ẹ́sítéètì ni ẹ ti ń rà, òfin àyẹ̀wò ìpalára àyíká ti ọdún 1992 ní kí iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó bá tó hẹ́kítà 50 ṣe àyẹ̀wò yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀. Hẹ́kítà 50 jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún pulọ́ọ̀tì kí wọ́n tó yọ títì. Bí ẹ́sítéètì náà bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò náà hàn yín, kí ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa omi òjò.

Iná nígbà ọyẹ́

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ilé tó wà létí omi kò lè rí ìjà iná. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Láti oṣù kọkànlá, adágún á máa fà sẹ́yìn, á sì fi ilẹ̀ gbọọrọ kan sílẹ̀ tí eèsún àti ewé Akíntọ́lá ti kún. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ kanrinkanrin. Ọdẹ tó ń wá ẹran, àgbẹ̀ tó ń tún oko ṣe, tàbí ẹni tó ju sìgá nù ló máa dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ sókè láti omi wá sí ilé yín, iná sì máa ń sáré gòkè nítorí pé ọwọ́ iná ń gbẹ koríko tó wà lókè rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ bá tó dígírì 10, eré rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Atẹ́gùn ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn á tún tì í. Nítorí náà ilé tó wà ní gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn pápá gbígbẹ ló wà nínú ewu jù.

Ìlànà ọdún 2011 lórí sísun igbó àti dídáná ní gbangba wà lábẹ́ NESREA yẹn kan náà. Ẹ má fi iná tún ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ṣe. Bó bá ràn dé oko ẹlòmíràn tàbí igbó ọba, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa wá bá, owó kòkó àti ọ̀pẹ tó jóná á sì di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn. Ẹ fi àdá ro ó, kí ẹ kó pàǹtírí rẹ̀ jọ di ajílẹ̀.

Ibi tí òfin méjèèjì ti dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn nìyí: òfin etí omi ní kí ẹ fi koríko àti igi bèbè sílẹ̀ kó lè di iyẹ̀pẹ̀ mú, iná sì ní kí ẹ ro ó. Ní California ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí onílé tó wà ní agbègbè iná igbó tún ààyè ẹsẹ̀ bàtà 100 ṣe yí ilé ká. Lórí pulọ́ọ̀tì wa, gbogbo òòró ilẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ṣe é ṣe níhìn-ín ni kí ẹ pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta. Ní bèbè, ẹ má hú nǹkan kan. Láàárín bèbè àti ilé, ẹ gé koríko mọ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gé ẹ̀ka igi tó wà nísàlẹ̀ mítà 2 kúrò kí iná ilẹ̀ má baà rí àkàsọ̀ gùn. Ní mítà kan àbọ̀ tó yí ògiri ilé ká, kí ó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, sìmẹ́ǹtì tàbí ilẹ̀ lásán. Ẹ má to pákó síbẹ̀, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí gálọ́ọ̀nù epo síbẹ̀.

Ọ̀nà iná tí ẹ máa là láàárín yín àti pápá, ó kéré tán kó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta gíga koríko tó wà níbẹ̀. Eèsún tó ga ní mítà 3 á gba mítà 6 sí 9. Bí ilẹ̀ kò bá gbà á, ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga ní mítà 2 lè rọ́pò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí kò bá sí nǹkan tó lè jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ iná nìkan kọ́ ló ń jó ilé. Màjàlà tó ṣì ní ẹyinná nínú ni atẹ́gùn máa ń gbé wọlé lábẹ́ òrùlé, á bọ́ sórí pákó àjà, á rọra jó fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 3 lọ dí gbogbo ihò etí òrùlé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírọ́bà á yọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ máa kó ewé gbígbẹ kúrò nínú gọ́tà òrùlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kejìlá.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wa ọkọ̀ dé ibẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ọkọ̀ panápaná lè dé ibẹ̀ kó sì yí padà. Ọ̀nà tí kò fẹ̀ tó mítà 4, tàbí afárá onípákó, kò lè gbà á. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112, 615 sì wà fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé omi adágún, ó ti fà jìnnà nígbà tí iná bá dé. Tánkì lítà 2,000 tó ga ju ilé lọ, pẹ̀lú ọ̀pá omi tó gùn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọgbà, wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé àti owó

Mógàjí, ìyẹn olórí ìdílé, àti àwọn àgbà ìdílé ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ ìdílé tí ọmọ kan tà láìsí olórí ìdílé níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù. Bí ilẹ̀ bá ti ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ìní ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, tàbí ẹ̀tọ́ mìíràn tí ìjọba fọwọ́ sí, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀ kó tó dúró.

Kí agbẹjọ́rò yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó àsansílẹ̀ nìkan lẹ máa kọ́kọ́ san, àti pé wọ́n á dá a padà láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí bí èsì Sẹkiteríàtì bá fi hàn pé ilẹ̀ ìjọba ni, tàbí bí lẹ́tà ètò ìlú bá fi hàn pé ààyè ilé tó ṣẹ́kù kò tó ìwọ̀n tí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n náà ní mítà, bíi mítà 12 sí 12, ẹ má kọ "ààyè tó tó". Nọ́ńbà bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì pẹ̀lú. Kí ẹni tó ń tà sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní da iyẹ̀pẹ̀ kankan sórí ilẹ̀ náà láti ọjọ́ tí ẹ gbẹ́ ihò yẹn títí dìgbà tí ẹ bá san owó tó kù.